Orúkọ wo la máa sọ ọmọkùnrin wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

BàbáTuntun_Ìpẹ́rú (Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin láàárọ̀ àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà. Ọdún 6 la fi wá ọmọ yìí. A gba ààwẹ̀, a lọ sílé ìwòsàn títí owó fi tán, a ta ilẹ̀ kan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé e lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá mi, mùsùlùmí ni wọ́n. Ọmọ Ìpẹ́rú ni ìyàwó mi, inú ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Kánádà ti fi orúkọ mẹ́rin ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Cameron, Calvin, Liam, Kai. Wọ́n ní kò ní wúwo lẹ́nu òyìnbó bí ọmọ bá wá sọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ kan. Bàbá mi ní orúkọ Ànábì làwọn fẹ́. Màmá ìyàwó mi ní orúkọ inú Bíbélì ni. Èmi ń fẹ́ orúkọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyàwó mi ní kí n má ṣe jẹ́ kí orúkọ dá ìjà sílẹ̀ lórí ọmọ tí a fi omijé wá.

Kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí túmọ̀ sí níbi tí wọ́n ti wá? Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (Ọjọ́rú, aago 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ewu o! Ẹ kú oríire! Ọlọ́run á wo ọmọ náà, á dàgbà, á gbó, á tọ́. Ẹ bá mi kí ìyá ìkókó, ẹ ní mo ní ẹ kú ọwọ́ lómi.

Ẹ má kánjú lórí orúkọ. Ìbejì ọkùnrin ni mo bí, wọ́n ti pé ọdún 11. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrìbọmi, Thomas la mú fún Táíwò, Andrew fún Kẹ́hìndé, torí pé wọ́n dùn létí wa, kò sí ìdí mìíràn. Ọdún kejì ni bàbá kan tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì tó sọ fún mi pé "ìbejì" gan-an ni Tọ́másì túmọ̀ sí ní èdè Árámáìkì. Wọ́n ṣí Ìhìn Rere Jòhánù, wọ́n fi ibi tí wọ́n ti pè é ní Dídímù hàn mí, wọ́n ní ìbejì náà nìyẹn lédè Gíríìkì. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, omi ń bọ́ lójú mi. Láti ọdún kan gbáko, à ń pe ìbejì ní ìbejì, a ò mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí orúkọ ń wí, kí ẹ tó béèrè bó ṣe dùn tó.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, aago 6 àárọ̀)

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo fi kọ́ni níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ orúkọ sì jẹ mí lógún gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Àǹtí fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Cameron: ilẹ̀ Scotland ló ti wá, èdè Gaelic ni. "Cam" ni ohun tó wọ́, "sròn" ni imú. Imú wíwọ́. Orúkọ ìdílé ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ín kò fi tijú rárá, ìdílé ńlá ni lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí kì í ṣe ìdílé náà, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Calvin: Látìn ni "calvus", apárí. Ó gba inú orúkọ ìdílé àwọn Faransé kan kọjá kó tó dọ́wọ́ wa.

Liam: bí àwọn ará Ireland ṣe gé William kúrú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì láti inú èdè Jámánì àtijọ́ ló wà nínú William: ọ̀kan ni ìfẹ́-inú, èkejì ni akoto ogun, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo orí. Òun ló sàn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ bá bi mí.

Kai: ní erékùsù Hawaii, òkun ni. Ó dára lẹ́nu àwọn tó ni ín. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Bí nǹkan bá bà jẹ́, "Kai!" náà là ń ké. Ẹ ronú ọmọ tí gbogbo àdúgbò á máa fi ohùn ìbànújẹ́ pè láti àárọ̀ dalẹ́.

Ti orúkọ inú Bíbélì, èdè Hébérù jọ Yorùbá ní ohun kan: gbólóhùn ni orúkọ wọn, kì í ṣe ariwo lásán. Níbi tí ẹ bá ti rí "ẹ́lì" ní ìparí orúkọ, Ọlọ́run nìyẹn. Dáníẹ́lì: Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Míkáẹ́lì: ta ló dà bí Ọlọ́run? Èmmánúẹ́lì: Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Jòhánù ni "Olúwa ṣàánú", ẹ sì wo bí orúkọ yẹn ṣe rìn: Juan ní Spéìn, Jean ní Faransé, Giovanni ní Ítálì, Ivan ní Rọ́ṣíà, Seán ní Ireland. Ẹni tí àwọn mùsùlùmí ń pè ní Yahyá náà ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ísáákì ni "ó rẹ́rìn-ín". Jónà, tí wọ́n ń pè ní Yúnúsà, ni àdàbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni ti Bẹ́ńjámínì, Jẹ́nẹ́sísì orí 35. Rákélì ń rọbí lójú ọ̀nà, ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ó pe ọmọ náà ní Bẹnóní, "ọmọ ìbànújẹ́ mi". Jékọ́bù gbọ́, kò jẹ́ kí orúkọ yẹn dúró. Ó yí i padà lójú ẹsẹ̀: Bẹ́ńjámínì, "ọmọ ọwọ́ ọ̀tún mi". Bàbá tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí òkú rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò gbà kí ọmọ máa gbé ikú ìyá rẹ̀ kiri. Yorùbá ló ní orúkọ ń ro ọmọ, Jékọ́bù náà mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Kéú_Odògbolú (Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀)

As-salāmu alaykum. Ẹ kú oríire o.

Bàbá yín ní orúkọ Ànábì. Muhammad ni "ẹni tí a yìn". Ahmad àti Mahmūd, inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ìyìn kan náà ni wọ́n ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí. Àwọn orúkọ tí à ń pè ní Ràsákì, Gàníyù, Lásísì, Làmídì, Wàsíù, orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n. "Ẹrú" ló yẹ kó ṣáájú wọn: Abdur-Razzāq, ẹrú Olùpèsè, Abdul-Ghaniyy, ẹrú Ọlọ́rọ̀, Abdul-Azīz, ẹrú Alágbára, Abdul-Hamīd, ẹrú Ẹni Ìyìn. Ahọ́n Yorùbá ló gé e kúrú, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ ní kíkún nínú ìwé. Bákan náà, "Abdul" nìkan kì í ṣe orúkọ. Bí ẹ bá pe "Abdul", "ẹrú" lẹ pè, ẹ ò sì sọ ẹrú ta ni. Mo ti rí i lórí ìwé ẹ̀rí ọmọ iléèwé kan níbí.

Ẹ ò rí i pé Tájúdíìnì ni "adé ẹ̀sìn"? Tāj ni adé. Ẹni tó bá ti ní Adé nílé ti ní ti Lárúbáwá náà.

Tí ẹ bá gbà ìmọ̀ràn mi, Yūsuf ni kí ẹ mú. Ànábì ni, sūra kan odindi ló sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìkejìlá nínú Al-Kùránì. Tíṣà á lè sọ ti Bíbélì fún yín.

Ti ọjọ́ ńkọ́: ọjọ́ keje ni sunna, àgbò 2 fún ọmọkùnrin fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀. Ẹ bá bàbá sọ ọ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá Ajé ni wọ́n á pa àgbò tí ìsọmọlórúkọ á sì wáyé ní Ìṣẹ́gun.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, aago 10:25 àárọ̀)

Álífà, ẹ ṣeun. Ti Tájúdíìnì yẹn wú mi lórí. Sítéfánù náà, adé ni. "Stephanos" lédè Gíríìkì ni adé tí wọ́n ń dé fún ẹni tó borí. Adé, Sítéfánù, Tájúdíìnì: èdè mẹ́ta, ohun kan náà.

Ọmọ_Rẹ́mọ_ní_Kumasi (Ọjọ́bọ̀, aago 1 ọ̀sán)

Mo kí yín láti Gánà. Níbí, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ń fún un lórúkọ kí bàbá rẹ̀ tó ronú. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Àìkú ni Kwasi, Ajé ni Kwadwo tàbí Kojo, Ọjọ́rú ni Kwaku, Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, Ẹtì ni Kofi, Àbámẹ́ta ni Kwame. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi mọ Kwame Nkrumah àti Kofi Annan. Annan gan-an ní Atta láàárín orúkọ rẹ̀, ìyẹn ìbejì, torí pé òun àti obìnrin ni wọ́n jọ wáyé. Ìyá Ìbejì, tiyín rèé!

Ọmọ yín tó wá ní Ìṣẹ́gun, Kwabena là bá máa pè é.

Alájàpá_Obì_Ṣàbó (Ọjọ́bọ̀, aago 3 ọ̀sán)

Ẹ kú oríire. Obì ni mo ń tà ní Ṣàbó, Ṣágámù níbí, àwọn Haúsá ni oníbàárà mi láti ọdún pípẹ́. Danjuma ni ọmọkùnrin ọjọ́ Jímọ̀, Danladi ni ti Àìkú. Tanko ni ọkùnrin tó wá lẹ́yìn ọ̀wọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ajuji. Mo bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ààtàn. Ẹnu yà mí. Ó wá jókòó sórí àpò obì, ó ṣàlàyé fún mi: àwọn ọmọ ìyá òun kú ṣáájú òun, wọ́n wá gbé òun lọ sórí ààtàn bí ẹni jù òun nù, kí ikú má baà mọ̀ pé òun ṣe iyebíye. Ó ti lé ní 60 ọdún nígbà tó ń sọ ọ́.

Àbíkú tiwa náà nìyẹn. Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Málọmọ́. Dúrójayé. Mo sì ti gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ náà máa ń sọ ọmọkùnrin ní ohun tó dà bí "èyí tí ajá jẹ kù", kí ohun burúkú má baà ṣe ojúkòkòrò rẹ̀. Ìyá tó ń bẹ̀rù ikú ọmọ, èdè kan náà ló ń sọ níbi gbogbo.

Àwọn Ìgbò tó wà lọ́jà wa, ọjọ́ ọjà wà nínú orúkọ tiwọn: Okeke ti Eke, Okorie ti Orie, Okafor ti Afọ, Okonkwo ti Nkwọ. Èyí wù mí. Ìjẹ̀bú tó mọ ọjà tó báyìí, a ò sọ ọmọ lórúkọ ọjọ́ ọjà bíi tiwọn.

Bàbá_Ùgà (Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun. Ẹ gbà mí láyè, ọ̀rọ̀ tèmi á gùn.

Ọmọ mi, o ní o fẹ́ orúkọ Ìjẹ̀bú, o ò sì sọ ilé tí o ti wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nílẹ̀ yìí, iwájú orúkọ ló ń sọ ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ ohun tí ojú àwọn òbí rí. Ilé ọba ló ni Adé. Ilé Ifá ló ni Fá àti Odù. Ilé ògbóǹkangí awo ló ni Awo. Ilé ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ló ni Ògún. Ilé oníṣẹ́ ọnà ló ni Ọnà.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn. "Núgà" ni "ní ùgà". Ùgà ni àgbàlá ààfin. Adénúgà: adé ní ààfin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jẹ́ ẹ lónìí kò mọ̀ pé ààfin wà lẹ́nu òun. "Kọ̀yà" ni "kọ ìyà": Adékọ̀yà, Odùkọ̀yà, ìyà ò gbọdọ̀ jẹ wá. "Sànyà" ni "san ìyà": ìyà tí a jẹ, a ti san án padà fún wa. Adésànyà, Ògúnsànyà, Odùsànyà, Ọnàsànyà. Orúkọ ẹni tí ojú rẹ̀ rí màbo, tí Elédùmarè wá nu omijé rẹ̀ nù. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé ọdún 6 àti ilẹ̀ kan lẹ fi wá ọmọ yìí. Kí lo tún ń wá kiri?

Iwájú rẹ̀ nìkan ló kù. Lọ bi bàbá rẹ: kí ni iṣẹ́ ilé yín kí ẹ̀sìn òkèèrè tó dé?

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé orúkọ ẹ̀sìn àti orúkọ ilé ò lè gbé pọ̀. Awùjalẹ̀ tó wàjà ní 2025, ọdún 1960 ni wọ́n gorí ìtẹ́. Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà. Síkírù ni ìrántí Ọlọ́run lédè Lárúbáwá. Káyọ̀dé ni ẹni tó kó ayọ̀ dé. Adétọ̀nà ni adé tó tọ ọ̀nà. Gbogbo wa là ń ké e pọ̀ ní Ojúde Ọba, kò sí èyí tó ta èkejì nù.

Nígbà àwọn bàbá wa, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ti ìbejì. Ọjọ́ kẹjọ ti wá di ti gbogbo ayé báyìí, kò burú.

Arákùnrin_Ìgbàgbọ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 9 alẹ́)

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ṣó ló wà níwájú orúkọ ìdílé tiwa, bàbá mi yí i padà sí Olú nígbà tí wọ́n di àtúnbí. Oṣó ni Ṣó. Kí ló dé tí ọmọ Ọlọ́run á máa gbé oṣó káàkiri? Mo dúpẹ́ pé wọ́n yí i.

Ọmọ_Ìsarà (Ọjọ́bọ̀, aago 10 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ bàbá yín ni, n kò ní bá yín jà. Ẹ sáà jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìsarà níbí ni ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká. "Oṣó yí mi ká" ni orúkọ yẹn. Ní 1986 tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, òun adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ti ìwé kíkọ, orúkọ yẹn ni wọ́n pè lójú gbogbo ayé. Orúkọ àwọn tó ní agbára ni nígbà náà, tí wọ́n yí ọmọ ká láti ṣọ́ ọ. Tí a bá fi ìtumọ̀ òní dá ẹjọ́ wọn, a ò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa, 1909 ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi Jeremáyà ṣe ìrìbọmi fún. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lónìí? Ọbáfẹ́mi ni, "ọba fẹ́ràn mi". Awólọ́wọ̀ ni, "awo ní ọ̀wọ̀". Onígbàgbọ́ ni títí tó fi kú, kò gé Awo kúrò.

Arákùnrin_Ìgbàgbọ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 10:20 alẹ́)

Mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Mo máa bi bàbá mi ní ohun tí orúkọ wa jẹ́ lódidi kí wọ́n tó yí i. Mi ò tíì bi wọ́n rí.

Ìyá_Adéṣínà_Ìlíṣàn (Ẹtì, aago 7 àárọ̀)

Ẹ̀yin ti sọ ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, torí pé ojú mi rí nǹkan.

Adéṣínà lọmọ mi ń jẹ́, adé ṣí ọ̀nà. Lórí ìwé ẹ̀rí ìbí, wọ́n kọ ọ́ ní Adesina. Níléèwé, wọ́n kọ ọ́ ní Adeshina. "H" kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ọ́fíìsì kan ní àwọn ò lè gbà pé ènìyàn kan náà ni. A lọ búra ní kóòtù, a gbé e sínú ìwé ìròyìn, a ń lọ a ń bọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ọmọ náà sọkún. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, èwo ni mí gan-an?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ jọ pinnu lẹ́tà tí ẹ ó lò, "S" ni tàbí "SH". Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé ní lẹ́tà ńlá, ẹ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má fi ẹnu pè é fún un. Kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì, ẹ kà á, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín: bí ẹ bá ṣe tò ó níbẹ̀ ni kí ẹ máa tò ó títí láé, lórí NIN, lórí páásípọ́ọ̀tù, níbi gbogbo. Ọmọ lè ní orúkọ mẹ́wàá nílé, mẹ́ta tó fún ìwé.

Kí ẹ sì kọ èyí tó ní àmì ohùn sí ẹ̀yìn Bíbélì tàbí sínú ìwé ilé yín, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà wọn kì í gba àmì. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ síbìkan, ìran kejì ò ní mọ̀ bóyá ọ̀nà tí à ń rìn ni tàbí ọnà tí à ń gbẹ́.

BàbáTuntun_Ìpẹ́rú (Àbámẹ́ta, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, mo bi bàbá mi ní ìbéèrè Bàbá Ùgà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú àpò aṣọ kékeré kan jáde látinú àpótí. Ọ̀bẹ ìgbẹ́gi ló wà níbẹ̀, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ ń dán, ó ti jẹ sínú níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà. Wọ́n ní ti bàbá bàbá àwọn ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, ilẹ̀kùn àti ìlù ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n ní Ọnà ló wà nínú orúkọ ilé wa, pé nígbà tí bàbá àwọn gba ẹ̀sìn, orúkọ Lárúbáwá wọn ni gbogbo àwa tó kù fi ṣe orúkọ ìdílé.

Ọmọ ọdún 38 ni mí. Mi ò mọ̀ rárá.

Mo bi wọ́n bóyá Ọnà á bá ẹ̀sìn àwọn mu. Wọ́n ní ọnà kì í ṣe òrìṣà, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Àbámẹ́ta, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run ṣeun! Ẹ wá gbọ́ ti Yūsuf tí Álífà dárúkọ. Jósẹ́fù nìyẹn, màmá ìyàwó yín á mọ̀ ọ́n. Rákélì kò rí ọmọ bí fún ọdún pípẹ́. Ìgbà tó wá bí ọmọ yìí, ó ní kí Olúwa fi ọmọkùnrin mìíràn kún un fún òun. "Kí Ó fi kún un" ni ìtumọ̀ orúkọ náà, Jẹ́nẹ́sísì orí 30.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí Jósẹ́fù náà wá di bàbá ní Íjíbítì lẹ́yìn ìyà ẹrú àti ẹ̀wọ̀n, ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Mánásè: "Ọlọ́run mú mi gbàgbé gbogbo ìyà mi." Ẹ gbé Mánásè sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọnàsànyà kí ẹ wò ó. Mo ti ń ka ẹsẹ yẹn láti kékeré, òní ni mo rí Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀.

Ọmọ_Kéú_Odògbolú (Àbámẹ́ta, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Allāhu Akbar. Orúkọ kan ṣoṣo, ìyá ìyàwó á pè é ní Jósẹ́fù, bàbá á pè é ní Yūsuf, kò sí ẹni tó máa parọ́.

BàbáTuntun_Ìpẹ́rú (Ọjọ́rú, aago 11 àárọ̀)

A ti sọ ọmọ lórúkọ lánàá. Bàbá mi ti pa àgbò tiwọn ní Ajé. Lánàá, a gbé oyin, iyọ̀, orógbó, obì, atare àti omi kalẹ̀, ìyá ìyàwó mi se ìkọ́kọrẹ́ kún ìkòkò ńlá méjì. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ju owó sínú abọ́ omi: Yūsuf. Màmá ìyàwó mi tẹ̀lé wọn: Jósẹ́fù, lẹ́yìn náà Mánásè. Èmi àti ìyàwó mi jọ pe tiwa: Ọnàsànyà. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo wo ojú ìyàwó mi, ó ti gbé ọmọ mọ́ra, ó ń sunkún, kò sì pa ojú rẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí fóònù láti Kánádà. Mo ti ń bẹ̀rù pé inú wọn ò ní dùn torí àwọn orúkọ mẹ́rin yẹn. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n pè é tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹta títí ohùn rẹ̀ fi bọ́ síbi tó yẹ, wọ́n wá ní àwọn á kọ́ gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń pè é.

Láàárọ̀ yìí ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Adéṣínà, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá bí ẹ ṣe wí. Mo rí i pé òṣìṣẹ́ náà ti fi "U" sí ibi tí "A" wà nínú Ọnàsànyà. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe kí n tó dìde.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (Ọjọ́rú, aago 11:20 àárọ̀)

Á bá ọjọ́ ayé rẹ̀ mu! Ẹ jẹ́ ká rí fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká rí ìkọ́kọrẹ́ náà.

Bàbá_Ùgà (Ọjọ́rú, aago 12 ọ̀sán)

Ọnàsànyà, ẹ kú àbọ̀ sílé ayé. Ọ̀bẹ yẹn ńkọ́, ọmọ mi? Kí ẹ wá epo fi pa á kí ìpẹtà má jẹ ẹ́ tán.

BàbáTuntun_Ìpẹ́rú (Ọjọ́rú, aago 12:15 ọ̀sán)

Bàbá mi ti fi í lé mi lọ́wọ́, Bàbá. Mo ti fi yanrìn bó o, mo ti fi epo pa á. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó títí yóò fi dàgbà.